Òórùn Tí A Gbọ́ Lára Berthe

Ìbéèrè kan wà tí mo ti gbé lọ síwájú Ọlọ́run lórí ìkúnlẹ̀, tí mo gbé e lọ tí mo gbé e bọ̀, tí n kò tíì rí èsì rẹ̀ títí di òní: ṣé Ọlọ́run máa ń gbóòórùn ẹni?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bíbélì kò fi pamọ́ fún wa. Nígbà tí Nóà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó sì rúbọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Olúwa gbọ́ òórùn dídùn. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé wọn kò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òórùn kejì. Ọkùnrin tó bá gbogbo ẹranko ayé gbé inú ọkọ̀ kan láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ara tirẹ̀ náà kò lè máa ta sánsán. Ṣé Olúwa gbọ́ ìyẹn? Bí Ó bá gbọ́ ọ, ṣé Ó mójú kúrò ni, àbí Ó ní kí Nóà lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà?

Èmi ló yẹ kí n bèèrè, nítorí èmi ni mo ní kí Berthe lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni mí. Àjàṣẹ́ ni gbòǹgbò ìjọ wa wà, ṣùgbọ́n mo ti wà nínú pàrọ́ìsì wa ní Sakété láti ìgbà tí òrùlé rẹ̀ fi jẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi kò tóbi: èmi ni mò ń fi àwọn obìnrin sí àyè wọn. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá ti wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Olówó, tálákà, ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wa fi ń tẹ ilẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀, ohun tó wù mí jù lọ nìyẹn. Mo ní, ibí gan-an ni a ti dọ́gba. N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹsẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ láti inú mọ́tò àti ẹsẹ̀ tó ti oko Aguidi rìn wá, ẹ kò ní í ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, bí ẹ tilẹ̀ fi aṣọ funfun bò wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀.

Aguidi ni wọ́n bí Berthe sí. Ògúnṣínà ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, àgbẹ̀ ni, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, Ògún ló sì ń sìn títí ó fi kú, kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn. Berthe fẹ́ ọkọ sí Sakété. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni kó fi alùpùpù gbé epo mọ́tò gba ojú ìgbẹ́ wọlé láti Nàìjíríà, epo tí gbogbo wa mọ̀ sí kpayó. Lọ́jọ́ òjò kan, alùpùpù yọ̀ lórí amọ̀, ọkọ kò dìde mọ́. Ohun tó fi sílẹ̀ fún Berthe ni ọmọbìnrin kan, Gracia, àti tábìlì onígi kan. Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé tí Berthe ti wà nídìí tábìlì yẹn.

Ní oríta tí ọ̀nà Pobè ti yà ló wà. Àwọn ìgò ọtí tó kún fún epo mọ́tò tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí tíì ló ń tò síwájú, àwọn ìgò ńlá oníkùn wà lẹ́yìn, àti àrọ kan tó fi aṣọ funfun sẹ́ lẹ́nu kí ìdọ̀tí má bàa wọ ẹ́ńjìnnì oníbàárà. Kò sẹ́ni tí kì í dúró níbẹ̀. Àwọn oní-zémì tó ń fi alùpùpù kérò á dúró, olùkọ́ á dúró, wòlíì á dúró. Àwọn onímọ́tò á yọ orí lójú fèrèsé, wọn á ní, "Ìyá, lítà márùn-ún, kíá!" Lẹ́yìn náà wọn á yí gíláàsì sókè kí òórùn má bàa wọlé. Òórùn ohun tí wọ́n ń rà.

Ẹni tó kọ́kọ́ ta epo fún Berthe kó lè máa tà á ni Papa Pierre. Gbogbo Sakété ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Nígbà yẹn, ó ní àká kan ní Ita-Djèbou, dúrọ́mù kún inú rẹ̀ débi pé ewúrẹ́ kì í jẹko nítòsí ibẹ̀. Ní báyìí sìmẹ́ǹtì ló ń tà, ó ti kọ́lé alájà méjì, wọ́n sì kọ "opérateur économique", ìyẹn oníṣòwò ńlá, sára káàdì tó ń pín fún èèyàn. Bó ṣe rí nílùú wa nìyẹn. Ẹni tó bá ta dúrọ́mù, oníṣòwò ni. Ẹni tó bá ta ìgò, oníkpayó ni. Imú wa mọ ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì dáadáa.

Papa Pierre ni alága ìgbìmọ̀ ilé ìjọsìn wa. Òun ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

"Màmá Laure, mi ò ní nǹkan kan lòdì sí obìnrin yẹn o. Ọmọ Ọlọ́run ni gbogbo wa. Iná ni mò ń bẹ̀rù. Àbẹ́là méje ló ń jó lórí pẹpẹ, ẹ sì mọ ohun tó ń tà."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ tónítóní tó. Kò sọ pé ó ń rùn. Ààbò ẹ̀mí wa ló ń rò. Mo lọ bá Berthe ní bẹ́ǹṣì kejì níwájú.

"Ìyá Gracia, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bọ́ sí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà."

"Nítorí kí ni, Màmá?"

"Nítorí afẹ́fẹ́."

"Afẹ́fẹ́ tèmi ni, àbí afẹ́fẹ́ tiyín?"

Mo fi ọwọ́ júwe ẹnu ọ̀nà. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé Bíbélì rẹ̀. "Kò burú. Bí Jésù bá dé, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ pàdé."

Kí n sọ òtítọ́, nítorí òtítọ́ ni mo jókòó láti kọ: n kò gbóòórùn epo lára Berthe lọ́jọ́ ìsinmi rí. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yóò fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, yóò fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò ki ewé efinrin bọ àárín aṣọ funfun rẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé epo ló ń tà. Ohun tí a mọ̀ ni à ń gbóòórùn.

Gracia kàwé díẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ ìwòsàn, wọ́n sì gbà á sí ilé ìwòsàn kan ní Pobè níbi tó ti ń di egbò. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣubú lórí alùpùpù ti gbé orúnkún bíbó wá bá a. Gracia di egbò náà lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún egbò ti jinná, ó ṣì ń wá. Éric ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Papa Pierre ni.

Màdámù Hortense, ìyàwó Papa Pierre, kò gbọ́ ìròyìn yẹn pẹ̀lú ayọ̀. Ṣùgbọ́n Éric ti fara ya pé Gracia ni òun fẹ́, Màdámù kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé onígbàgbọ́ ni òun tí òun tún ń yan èèyàn. Òun, Papa Pierre àti Éric wá sílé Berthe fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Èmi wà níbẹ̀. Màdámù jókòó sí etí àga bí ẹni tí wọ́n fi okùn dè, ó ń mí láti ẹnu. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó yọ ìgò lọ́fíńdà kan jáde nínú àpò rẹ̀.

"Ìyá Gracia, ẹ wò ó, láti Cotonou ni. Ẹ máa fín in sára tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ níbi ìgbéyàwó."

"Ẹ ṣeun, Màdámù. Ìdajì rẹ̀ ni kí n fín, àbí gbogbo ẹ̀?"

"Bó bá ṣe wù yín."

"Ẹ rò pé gbogbo ẹ̀ á tó?"

Éric bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Papa Pierre wo àjà ilé. Ẹni tí kò mọ Berthe ìbá rò pé ó ń dúpẹ́ ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ kan dé láti ilé Papa Pierre. Ní pàrọ́ìsì wa, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó ló máa ń jọ tan àbẹ́là méjì níwájú pẹpẹ, àwọn ọmọ yóò sì gba iná lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ abiyamọ, n kò mọ ohun mìíràn tí ìyá kan nínú ìjọ wa ń retí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Berthe ti ra àbẹ́là tirẹ̀ láti ọdún tí Gracia wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ó fi aṣọ wé e sínú àpótí. Iṣẹ́ tí Màdámù Hortense rán ni pé, nítorí ọ̀rọ̀ iná, kí Yolande rọ́pò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó tan àbẹ́là náà.

Yolande ni àbúrò Berthe. Ọmọ Aguidi kan náà, ọmọ Ògúnṣínà kan náà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan, ó ń sọ Faransé láti imú, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ká ẹsẹ̀ lé ara wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ jíṣẹ́, torí èmi ni mo ń kọ ìwé ìjókòó.

Nígbà tí mo jíṣẹ́ tán, Gracia ló kọ́kọ́ dáhùn. "Bí màmá mi ò bá tan àbẹ́là yẹn, mi ò fẹ́ mọ́. Kí wọ́n gba ọmọ wọn."

"Pa ẹnu ẹ mọ́," ni Berthe wí.

"Màmá—"

"Mo ní pa ẹnu ẹ mọ́. Ọkọ tó gbọ́n ò pọ̀ lójú títì. Ọmọ oníkpayó tí wọ́n bá ti kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ta ló tún máa yà síbẹ̀?" Ó kọjú sí mi. "Màmá Laure, ẹ lọ sọ fún wọn pé mo gbọ́."

"Ṣé ẹ gbà?"

"Mo ní mo gbọ́."

Mo délé, mo fi gègé mi kọ orúkọ Yolande sí àyè ìyá ìyàwó. Mo gbàdúrà lálẹ́ ọjọ́ náà, àdúrà náà kò gbéra nílẹ̀. Mo ní ó ti rẹ̀ mí ni.

Ọjọ́ ìsinmi tó ṣáájú ìgbéyàwó ni wọ́n máa ń kéde orúkọ àwọn méjèèjì, bàbá ọkọ yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan àbẹ́là ìkéde. Ìjọ kún. A ti kọ orin ìwọlé tán nígbà tí òórùn náà dé. Òórùn epo ni, kò lábùlà. Gbogbo ọrùn tó wà ní apá obìnrin ló yí sí ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n fi okùn kan ṣoṣo fà wọ́n. Màdámù Hortense fi áńkáṣíìfù bo imú, ó fi ojú pè mí.

Mo lọ bá Berthe.

"Ìyá Gracia, ṣé ẹ wẹ̀?"

Obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún ni mo bi bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ló ti jáde.

"Mo wẹ̀, Màmá." Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Ẹ gbóòórùn."

Mo tẹ̀ síwájú. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo gbọ́, àti efinrin. Mo sì ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ sí abẹ́ máńgòrò níta."

Ó dìde, ó jáde. Kí ó tó débi máńgòrò, Màdámù Hortense ti mí kanlẹ̀. "Ẹ wò ó! Afẹ́fẹ́ ti mọ́."

"Òótọ́ ni, ó ti mọ́," ni Flore tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ wí.

"Ó ti mọ́ tán," ni òmíràn wí.

Kò mọ́. Ó tún le sí i ni. Ó ń ta mí lójú. Màdámù wò mí pé kí n sọ̀rọ̀, mo sì mi orí bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ka ibi tí àkùkọ ti kọ fún Pétérù lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé kí ló lè mú kí èèyàn sẹ́ ohun tó mọ̀. Kò yà mí lẹ́nu mọ́.

Kò pẹ́ tí Flore tún fi yínmú. "Ó tún dé. Àbí abẹ́ máńgòrò yẹn ti sún mọ́ wa jù?" Ni mo bá tún jáde, mo ní kí Berthe bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Kò bèèrè ìdí. Ó lọ dúró nínú oòrùn pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀, àwọn oní-zémì ń kí i bí wọ́n ti ń kọjá, "Ìyá, ẹ ò tà lónìí ni?"

Nínú ìjọ, wọ́n pe Papa Pierre. Ó dìde nínú sùtánà rẹ̀ tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ó fi ọ̀já búlúù gbà á ládìí, ó rìn kọjá níwájú mi. Etí aṣọ rẹ̀ fẹ́ òórùn epo sí mi, ni ẹsẹ̀ mi bá dúró gbagidi. Ọkùnrin tó ti dúrọ́mù dé orí sìmẹ́ǹtì kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé ìṣáná. Àbẹ́là méje ń jó níwájú rẹ̀, ẹ̀kẹjọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bojú wo ìta.

Berthe kò sí ní ẹ̀bá ọ̀nà mọ́. Ó ti padà sẹ́nu ọ̀nà láti gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀, mo rò pé kò sí ìyá tí kò ní í padà. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lásán tó ń sá lórí sìmẹ́ǹtì.

"Papa! Ẹ dúró! Ẹ má ṣáná!"

Kò dúró kí wọ́n dáhùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá sùtánà náà mú lẹ́yìn, ó fà á, Papa Pierre fi ìdí jókòó sílẹ̀ gbì níwájú gbogbo ìjọ, àpótí ìṣáná fò lọ sábẹ́ àga. Àwọn ọkùnrin ti rọ́ bò ó.

"Ẹ gbé e jáde! Ṣé orí ẹ̀ pé?"

"Oníkpayó yìí fẹ́ pa Papa!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni olùṣọ́ àgùntàn wa wí. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ ọ. "Ìyá Gracia, kí ló dé?"

Berthe ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ó wo Papa Pierre nílẹ̀. Ó wo Màdámù Hortense. Ó wo Gracia tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ Éric, tó ti fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ti di ojú rẹ̀.

"Ìran ni. Wọ́n fi hàn mí."

Àwọn tó dì í mú fi í sílẹ̀. Nínú ìjọ wa, a kì í fi ọ̀rọ̀ ìran ṣeré.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí Papa má tan iná lónìí. Wọ́n ní kó bọ́ aṣọ yẹn. Kí wọ́n sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta." Ó ronú díẹ̀. "Kí wọ́n sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́."

"Alelúyà!" ni ìjọ ké. Àwọn kan ti kúnlẹ̀. Papa Pierre ti ń tú ọ̀já búlúù rẹ̀. Mélòó kan nínú wa ló rántí ọkùnrin tí wọ́n kìlọ̀ fún lọ́dún tó kọjá tí kò gbọ́, tí mọ́tò rẹ̀ sì ṣubú ní ọ̀nà Pobè. Wọ́n dì í mú jáde láti lọ wọ aṣọ mìíràn. Bó ti ń lọ ni òórùn náà ń tẹ̀ lé e.

"Ẹ rí i?" ni Flore wí, omi lójú rẹ̀. "Ẹ̀mí ti lé òórùn burúkú yẹn lọ."

Báyìí ni Berthe ṣe di aríran. Ní ọjọ́ kejì, àwọn mọ́tò tó dúró nídìí tábìlì rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò yí gíláàsì sókè mọ́. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ níwájú ìgò epo pé kí ó bá òun wo ọ̀rọ̀ ìbò. Berthe bi í pé lítà mélòó.

Ọjọ́ Túsìdeè ni Màdámù Hortense fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí oríta. Ó bá mi níbẹ̀. Mo wá bẹ Berthe ni, n kò tíì mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Berthe ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu fa epo láti inú rọ́bà sínú ìgò ni, ó ń tutọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù fún epo dé ọrùn ọwọ́. Màdámù di ọwọ́ náà mú.

"Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ irú èèyàn tẹ́ ẹ jẹ́. Ẹ̀yin ló máa tan àbẹ́là Sátidé, kì í ṣe ẹlòmíràn."

"Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́, Màdámù?"

"Iná wo? Ẹni tí Ẹ̀mí ń lò?" Ó mí sínú gbọọrọ, ó di ojú. "Màmá Laure, ṣé ẹ ò gbóòórùn ẹ̀? Bí tùràrí ló ń ta lára wọn."

Mo tún mi orí. Ó ti di bárakú fún mi.

Wọ́n pa orúkọ Yolande rẹ́ nínú ìwé ìjókòó. Ó bínú, ó ti rán aṣọ. Ìyá Gracia yóò tan àbẹ́là Gracia, nítorí pé ó jẹ́ aríran. Pé òun ló bí i kò tó ẹ̀rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, oòrùn kò tíì wọ̀, Berthe wá bá mi nílé. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ìdáná mi, ó mu omi. Èmi ni n kò lè mú un mọ́ra.

"Ìyá Gracia, ìran yẹn. Kí lẹ rí gan-an?"

"Mo rí Huguette."

"Huguette wo?"

"Huguette tó ń fọṣọ fún Màdámù Hortense. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló wá ra ìgò epo kan lọ́wọ́ mi. Àbẹ́là ló kán sára sùtánà Papa, Màdámù ò sì fẹ́ kí wọ́n rí àbàwọ́n lọ́jọ́ ìkéde. Epo ló ń yọ ìda àbẹ́là kúrò lára aṣọ funfun, Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀. Gbogbo alágbàfọ̀ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó sá a. Ó ní ilẹ̀ ti mọ́ kí òun tó ráyè fi epo nù ún, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ òun, wọ́n ká a sínú ọ̀rá, ó di ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo jókòó. Mo rò ó: wọ́n lé ẹni tó wẹ̀ jáde nítorí iná, wọ́n sì fún aṣọ tó mu epo ní ìṣáná.

"Nígbà tí mo ní kẹ́ ẹ lọ sábẹ́ máńgòrò, ṣé ẹ ti mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Ìgbà tí mo padà dé ẹnu ọ̀nà, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ bó ti ń dìde, ni mo mọ̀ pé òun ni."

"Ẹ sì parọ́ mọ́ Ẹ̀mí."

Ó gbé ife omi kalẹ̀. "Kí ni ẹ fẹ́ kí n wí? Kí n dúró láàárín ìjọ kí n ní, Papa, ẹ̀yin lẹ ń rùn? Ta ló máa gbà mí gbọ́? Bí wọ́n bá sì gbà mí gbọ́, ṣé wọ́n á fẹ́ ọmọ mi mọ́?" Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú. "Màmá, mi ò mọ̀wé bíi tiyín. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ọlọ́run fi kọ́ imú mi ní epo. Ẹ ò sì gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo aríran ìjọ ò gbọ́ nǹkan kan. Bí kì í bá ṣe Ẹ̀mí, kí ni?"

Mo gbọ́ o, Berthe. Èmi gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dé ètè mi, ó sì dúró síbẹ̀. Mo ti ń gbàdúrà fún ogójì ọdún kí Ọlọ́run fi nǹkan kan hàn mí, lọ́jọ́ tí Ó sì fi í sí abẹ́ imú mi, mo mi orí fún Màdámù Hortense.

"Ẹ ò sọ fún Huguette kó má fi epo nù ún mọ́?" ni mo wí níkẹyìn.

"Mo sọ. Ó ní bí ìda bá ṣẹ́ kù lára aṣọ, iṣẹ́ òun lọ nìyẹn. Bí mi ò bá tà á fún un, tábìlì mẹ́wàá ló wà ní oríta. Gbogbo ilé wọn ló máa wọ funfun lọ́jọ́ Sátidé, Màmá. Papa, Màdámù, àwọn àbúrò Papa láti Pobè, Éric fúnra ẹ̀. Ìgò mẹ́ta ni Huguette rà lónìí. Èmi àti Màdámù la sì máa jọ mú iná dání."

"Ẹ tún rí ìran mìíràn."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́. "Ìran kan lórí aṣọ, ìyẹn ṣì dáa. Méjì, wọ́n á mọ̀ pé epo ni. Ìlú á fi Papa ṣe yẹ̀yẹ́, Màdámù á ní ìyá Gracia ló dójú ti àwọn, ilé ọkọ lọmọ mi á ti jìyà ẹ̀." Ó sún àpótí rẹ̀ mọ́ mi. Òórùn epo ń ta lára rẹ̀, nítorí pé láti ìdí tábìlì ló ti wá tààrà. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo gbọ́ ọ lára rẹ̀ lóòótọ́, n kò sì sún sẹ́yìn.

"Màmá Laure, ohun tó gbé mi wá nìyí. Ẹ bá mi ṣe é, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Ẹ bá mi gbóòórùn wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn tó ti inú mọ́tò sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá gbọ́ epo lára ẹ̀, ẹ má pariwo, ẹ má dójú tì í. Ẹ ṣáà ní kó bá yín bọ́ sábẹ́ máńgòrò, nítorí afẹ́fẹ́. Ẹ kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."